Bí Ẹ̀jẹ̀ Gergina Ṣe Sùn, àti Bí Ó Ṣe Jí

Ní báyìí tí ọ̀rọ̀ náà ti di ẹ̀rín lẹ́nu wa, mo lè jókòó kí n sọ ọ́. Nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tí mo bá rántí bí ojú Gergina ṣe rí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn yẹn, ara mi ṣì máa ń bù máṣọ. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ ló gbẹ̀yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ti ibi ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé Gergina àti ilé mi, ní Dolna Slivka. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ ọkọ wá sí abúlé yìí, orí ògiri yẹn la ti ń gba iyọ̀, la ti ń gba ìwúkàrà búrẹ́dì, la sì ti ń gba òfófó. Gergina kì í ṣe ẹni ńlá. Kuncho ọkọ rẹ̀ máa ń sọ pé díẹ̀ báyìí ni ìyàwó òun fi ga ju ẹnu ọ̀nà ilé adìyẹ lọ. Ó ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìlélógún ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di oúnjẹ sínú agolo, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń bó ata. Títí di òní, ó lè bó ata tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lójú iná kó má wo ọwọ́ ara rẹ̀, kó máa bá ẹ jiyàn, kó sì borí ẹ nínú àríyànjiyàn náà. Nígbà tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa, ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó lọ sí Spain lọ ká èso. Wọ́n pè é, kò lọ.

Ó ní, "Tí mo bá lọ, ta ni yóò máa fún Kuncho lóúnjẹ? Ọkùnrin tí kò mọ ibi tí a ń gbé ṣíbí sí!"

Ọdún mọ́kànlá ni òun àti Kuncho fi wá ọmọ kí Ralitsa tó dé. Òun nìkan ni wọ́n bí. Ẹ wá wo bí ìyá kan ṣe máa ń wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí Ralitsa bá wúkọ́ ní ilé ọkọ rẹ̀ ní abúlé kejì, Gergina á ti máa wá síkáàfù rẹ̀ kiri.

Wọ́n ti ilé-iṣẹ́ pa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ kò dúró. Láti oṣù kẹsàn-án tí ata bá ti pọ̀, àgbàlá Gergina á kún fún ìgò. Ó ń ṣe túṣíà, ìyẹn àwọn ẹ̀fọ́ tí a ń kó sínú omi iyọ̀ àti ọtí kíkan kí wọ́n lè gbé wa la ìgbà òtútù já: ata, kárọ́ọ̀tì, kọliflawa, ewé sẹ́lẹ́rì. Oríṣi kan wà tí kì í pẹ́, tó jẹ́ pé ọjọ́ kẹta ló ti gbó. Ìyẹn ni ti Gergina. Tí ẹ bá ti tọ́ ọ wò, ẹ ò ní lè jẹ ti ẹlòmíràn mọ́. Mo ti gbìyànjú ẹ̀, tèmi kì í ró kàràkàrà lẹ́nu bíi tirẹ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, oṣù kẹwàá ni, eyín èrìgì kan ń dà á láàmú, ó lọ yọ ọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló yọ ọ́. Ní Ọjọ́rú, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń sun níbẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, mo yọjú lórí ògiri, mo rí ìrọ̀rí tó sá sórí okùn, ó pupa bíi pé wọ́n rì í sínú omi ata.

Kuncho wà ní ìsàlẹ̀, ó ń tún ẹ̀rọ katakata rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Gergina, ṣé eyín lo yọ ni, àbí o pa àgùntàn tí o ò fi hàn mí?"

Gergina ò lè dáhùn, aṣọ wà lẹ́nu rẹ̀. Èmi ni mo wí fún Kuncho pé, "Ẹ̀yin, ẹ fi àwàdà sílẹ̀, ẹ gbé obìnrin yìí lọ."

Nígbà yẹn la wá ń rántí àwọn nǹkan tí a ò kà sí. Pé bó bá fara gbún tábìlì, ibẹ̀ á dú bí aró fún ọ̀sẹ̀ kan. Pé ọ̀bẹ gé e díẹ̀ nígbà tó ń gé kárọ́ọ̀tì, ó sì fi aṣọ di ìka náà láàárọ̀, ó tún fi dì í nírọ̀lẹ́. Dókítà eyín wo ẹnu rẹ̀, ó fi nǹkan dí ihò náà pa, ó kọ ìwé fún un, ó ní kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá nígboro, sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wo ẹ̀jẹ̀ tí kì í dá.

Èmi ni mo sìn ín lọ. Ẹni tó gbà wá ni Dókítà Bonev, ọkùnrin gbọọrọ kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé fún ọmọdé. Nọ́ọ̀sì kan jókòó, ó ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ.

"Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn kankan?"

"Rárá."

"Oògùn ìrora ńkọ́? Asipirín ńkọ́?"

"Dókítà, mi ò gbé oògùn mì láti ìgbà tí mo ti bímọ. Bí orí bá ń fọ́ mi, ọ̀dùnkún ni mò ń gé pẹlẹbẹ, tí mò ń dè é mọ́ iwájú orí."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò lo oògùn kankan. Òótọ́ ni obìnrin náà sọ, bó ṣe mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo jókòó tì í, èmi gan-an ni mo mi orí sí i.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a dúró, lẹ́yìn náà dókítà pè wá wọlé. Ó ní nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, àwọn nǹkan wínníwínní kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n dí ojú ọgbẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n máa pè wọ́n ní adíọgbẹ́, torí orúkọ tó pè wọ́n, ahọ́n mi ò gbé e. Ó ní ti Gergina pé níye, ṣùgbọ́n sísùn ni wọ́n ń sùn. Wọ́n kàn wọ́n lára títí, wọn ò jí. Ó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà tó jẹ́ àbímọ́ni, pé láti ara ìyá ló máa ń bọ́ sára ọmọ.

"Ṣé ẹ ní ọmọ?"

Mo rí i tí ọwọ́ Gergina dúró lórí báàgì rẹ̀.

"Mo ní ọ̀kan. Ó lóyún. Oṣù keje rẹ̀ rèé."

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, wọ́n ní kí Ralitsa wá. Wọ́n gba tirẹ̀. Bákan náà ló rí. Sísùn ni.

Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀. Dókítà Bonev ní Ralitsa ò gbọdọ̀ bímọ sí ilé ìwòsàn wa nítòsí. Sofia, olú-ìlú wa, ni kó lọ, kó sì ti wà níbẹ̀ kí oṣù rẹ̀ tó pé, níbi tí wọn yóò ti tọ́jú adíọgbẹ́ ẹlòmíràn sínú àpò dè é. Ó ní, "Tí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ nígbà ìbí, tí àwọn yìí ò sì jí, ó lè ṣòro fún wa láti dá a dúró." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ṣé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní jẹ́jẹ́?

Nínú bọ́ọ̀sì, Gergina di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Nígbà tí a dé ibi afárá, ó ní, "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún mi lọ́mọ. Ó fún mi. Èmi wá fún ọmọ náà ní ohun tó máa pa á." Mo ní kó dákẹ́. Mi ò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.

Ẹni tó wá rí ọ̀rọ̀ sọ ni Tsona, ìyá ọkọ Ralitsa. Ó kọjá lójú ọ̀nà lọ́jọ́ Àìkú, kò tilẹ̀ bọ́ síkáàfù sílẹ̀, ẹnu géètì ló dúró sí.

Ó ní, "Àna mi, ẹ kú ilé. Ẹ̀yin mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ìdílé yín ò pé, ẹ jẹ́ kí ọmọ mi jó, kó yọ̀, kó gbé ọmọ yín relé. Ẹni tó bá fẹ́ ra màlúù gan-an, a máa ń jẹ́ kó la ẹnu rẹ̀ wò."

Mo rò pé Gergina á fi ìgò sọ ọ́. Ó kàn ní, "Mi ò mọ̀, àna. Ká ní mo mọ̀, ǹ bá ti sọ." Ó sì padà sídìí kárọ́ọ̀tì rẹ̀, ó ń gé e, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú abọ́. Kuncho ló dá Tsona lóhùn. Ó ní, "Àna, màlúù tí ẹ ń wí yẹn, ọmọ yín kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà. Ẹ lọ bi í."

Láti ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ ni Gergina fi ń pa ìbànújẹ́. Ó ń ṣe túṣíà bí ẹni pé wọ́n tún ilé-iṣẹ́ ṣí. Oyún ń bá Ralitsa jà, nǹkan mìíràn kì í dúró sí i nínú, àfi túṣíà ìyá rẹ̀ àti omi rẹ̀. Ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ń mu omi náà. Nítorí náà ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, Gergina á gbé ìgò lítà mẹ́ta wọ bọ́ọ̀sì lọ sí abúlé kejì, á gbé e sórí ẹsẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ. Ó ní ohun kan ṣoṣo tó kù tí òun lè ṣe fún un nìyẹn.

Ìpẹ̀yìndà oṣù kọkànlá, wọ́n ní kí ìyá àti ọmọ padà wá. Wọ́n fẹ́ wo ẹ̀jẹ̀ wọn fínnífínní, kí wọ́n lè mọ ibi tó ti bàjẹ́ gan-an, kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Sofia. Kuncho fi ọkọ̀ gbé wa. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la lọ.

Obìnrin kan ló ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò náà, Velika lorúkọ rẹ̀, ó sanra, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tiro díẹ̀, ó sì ti wà nídìí ẹ̀rọ yẹn láti ọdún mọ́kàndínlógún. Mo fẹ́ràn bó ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀. Kò di apá le. Kò kánjú. Ó kọ́kọ́ gba ìgò wẹ́wẹ́ kan, ó gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ ti rí ojú abẹ́rẹ́, ẹ̀rù ti bà á. Ó gba èyí tó kù, ó rọra dà á sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé e rìn bí ẹni gbé ẹyin.

Mo ní, "Ẹ ò ní gbé e sínú fíríìjì ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ṣe mí? Òtútù máa jí wọn lódìkódì. Bí a bá mì wọ́n, wọ́n á jí. Bí a bá di apá le jù, wọ́n á jí. Àwọn wọ̀nyí, bí ọmọ jòjòló ni, pẹ́nkẹ́ báyìí, igbe ti ta." Ó wo Gergina. "Àfi tiyín, ìyá. Tiyín, ẹ kan agogo ṣọ́ọ̀ṣì sí wọn létí, wọn ò ní jí."

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ kan ti fi ẹ̀jẹ̀ yí bírí, ó bu omi aláwọ̀ ìyeyè tó wà lókè, ó dà á sínú ife kékeré tí iná ń gbà kọjá. Omi náà rú díẹ̀ bí omi tí a fi fọ ìrẹsì, torí àwọn adíọgbẹ́ ló wà nínú rẹ̀ káàkiri. Ó ní tí òun bá kán oògùn tó ń jí wọn sí i, wọ́n á di ara wọn mú, wọ́n á dì bíi wàrà, omi á mọ́, iná á sì kọjá. Ẹ̀rọ á wá fi ìlà hàn wá lójú gíláàsì. Tí ìlà bá gòkè, wọ́n jí nìyẹn. Tó bá nà gbalaja, ẹ mọ̀.

Ìlà Gergina nà gbalaja. Ti Ralitsa nà gbalaja. Ralitsa gbé ọwọ́ lé ikùn, ó ń wo ojú fèrèsé.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní àṣà kan: ojoojúmọ́ tí wọ́n bá dán ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò, wọ́n gbọ́dọ̀ dán ti ẹnì kan tí ara rẹ̀ le wò pẹ̀lú, kí wọ́n lè mọ̀ pé oògùn àti ẹ̀rọ kò parọ́. Akọ̀wé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń lò. Lọ́jọ́ yẹn, òtútù mú akọ̀wé, ó wà nílé. Velika yọ orí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ta ni ara rẹ̀ le níbí tí kò bá ìyá yìí tan?"

Kuncho dìde. "Èmi. Ọkọ ni mo jẹ́, n kì í ṣe ẹbí."

"Ṣé ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ò bà yín?"

"Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni obìnrin yìí ti ń mu ẹ̀jẹ̀ mi láìlo abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ wá bu tiyín."

Ralitsa rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Velika gba ẹ̀jẹ̀ Kuncho, ó ṣe é bó ṣe ṣe ti àwọn yòókù, ó kán oògùn sí i. Ó dúró. Àwa náà dúró, torí ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Mo rí ìlà náà láti ibi tí mo jókòó sí. Ó nà gbalaja bí ojú ọ̀nà tó lọ sí ìlú Pleven.

Velika pòṣé. Ó ní, "Oògùn yìí ti bàjẹ́. Ẹ wò ó, bóyá láti àárọ̀ ni mo ti ń fi oògùn tó bàjẹ́ dá ènìyàn lóró." Ó gbé ìgò tuntun jáde. Ìlà ò dìde. Ó wá ká apá aṣọ ara rẹ̀, ó pe ẹnì kejì rẹ̀ láti yàrá kejì pé kó gba ẹ̀jẹ̀ òun. Ó kán oògùn sí ti ara rẹ̀, oògùn kan náà, láti inú ìgò kan náà. Ìlà náà fò sókè bí ológbò tí wọ́n tẹ ìrù rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó jókòó. Ó wo Kuncho. Ó wo Gergina. Ó wo Ralitsa.

"Ẹ̀yin mẹ́ta," ó ní, "ìyá àti ọmọ lè pín àìsàn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọkọ kì í bá ìyàwó pín ẹ̀jẹ̀. Bàbá, ṣé ó dá yín lójú pé ẹ ò bá ìyàwó yín tan?"

Kuncho ní, "Ìyá mi ì bá ti sọ. Kò fẹ́ràn ìyàwó mi rárá."

"A jẹ́ pé ẹ jọ ń jẹ nǹkan. Kí ni asipirín ń wá nílé yín?"

"A ò lo asipirín," Gergina dáhùn, ohùn rẹ̀ ti ń le. "Wọ́n ti bi mí. Mo ti dáhùn. Ẹ wo ìwé."

"Kò sí ọ̀kankan nílé?"

"Ó wà nílé. Ìyẹn, ti túṣíà ni."

Velika yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ Gergina.

"Ti kí ni, ìyá?"

"Ti túṣíà, ọmọ yìí! Kóró kan sí lítà kan, kéèyàn gún un kúnná, kó má baà hó, kó lè máa ta wáìwáì lẹ́nu. Ta ni kì í fi sí i? Ìwọ náà wò mí lójú kí o sọ pé ìyá rẹ kì í fi sí i."

Velika la ẹnu. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni.

"Ó ń fi sí i," ó ní. "Ìyá mi ń fi sí i! Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń bi ènìyàn ṣé ẹ lo asipirín, mi ò fi ọjọ́ kan rántí ìgò ìyá mi."

"Ṣùgbọ́n wọ́n bi mí nípa oògùn," Gergina ní. "Ṣé oògùn nìyẹn? Bí iyọ̀ ni. Ṣé wọ́n bi mí nípa iyọ̀?"

Èmi tí mo mi orí níjọ́sí, mo kúkú wolẹ̀. Ìgò méjìdínlógún ló wà nílé tèmi, kóró kan nínú lítà kan.

"Ralitsa," Velika yí sí i, "báwo lo ṣe ń jẹ ẹ́ tó?"

"Mò ń jẹ ẹ́. Mo sì ń mu omi rẹ̀."

"Báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

"Ife méjì lóòjọ́," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré.

Velika ló wá là á yé wa, ó sì là á lọ́nà tí mo fi lè sọ ọ́ fún yín. Ó ní nínú adíọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn ìránṣẹ́ wà. Bí iṣan bá ya níta, ẹnì kan á kan ilẹ̀kùn. Ìránṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà á gbọ́, á sáré sọ fún ìkejì, ìkejì á sọ fún ìkẹta, títí adíọgbẹ́ náà yóò fi na ọwọ́ na ẹsẹ̀, tí yóò lẹ̀ mọ́ ọgbẹ́. Àwọn ìránṣẹ́ kan tún wà tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ láti máa rẹ̀ wọ́n lẹ́kún, kí wọ́n má máa jí lásán kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì nínú iṣan. Ní àárín wọn, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé òun ló ń fi igbe ta jáde, kí àwọn adíọgbẹ́ yòókù lè gbọ́ kí wọ́n sáré wá. Ìyẹn gan-an ni asipirín máa ń dì lẹ́nu.

"Tó bá sì ti dì í lẹ́nu," ó ní, "ó tán. Adíọgbẹ́ ò lè ṣe ìránṣẹ́ tuntun. Odi ni yóò wà títí yóò fi kú. Ọjọ́ mẹ́jọ, ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ̀mí wọn ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ara á ti ṣe àwọn mìíràn."

Gergina rọra béèrè, "Tí a ò bá jẹ ẹ́ mọ́?"

"Àwọn tuntun á dé pẹ̀lú ẹnu wọn."

"Kì í ṣe èmi ni mo bí i mọ́ ọn?"

"Mi ò tíì lè sọ bẹ́ẹ̀, ìyá. Ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má fi ètè kàn án."

Dókítà Bonev wá, ó gbọ́ ọ, ó fi ọwọ́ nu iwájú orí. Kò rẹ́rìn-ín tó Velika. Ó ní asipirín kò dára fún aboyún nírú oṣù yẹn rárá, ó sì ní kí wọ́n wo ọmọ inú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n wò ó. Ọkàn ọmọ ń lù dáadáa, omi rẹ̀ pé, gbogbo ara rẹ̀ wà bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n dókítà ní kí a má tíì yọ̀. Ó ní ènìyàn lè jẹ asipirín kó sì tún ní àìsàn àbímọ́ni lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ò ní kí èkejì má sí. Àfi tí ìlà bá dìde.

Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn gùn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Gergina da gbogbo túṣíà tó wà nílé sídìí ògiri, ó ṣan ìgò wọn, ó dojú wọn délẹ̀. Mo da tèmi náà. Àwọn adìyẹ mi ṣa kọliflawa fún ọjọ́ mẹ́ta. Kuncho ni mo káàánú. Ṣé ẹ mọ ọkùnrin tó ń mu ràkíà, ọtí líle ilẹ̀ wa, láìsí túṣíà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ó máa ń wo ife, á wo àwo òfìfo, á mí kanlẹ̀.

"Mo dà bí ẹni tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ sòkòtò," ó wí fún mi lórí ògiri.

"Ẹ fi wàràkàṣì jẹ ẹ́."

"Wàràkàṣì! Ẹ̀yin obìnrin wọ̀nyí ò lójú àánú."

Ralitsa sunkún fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó ní òun kàn fẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Gergina ò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó má baà ṣàánú rẹ̀. Ó ń pè é lórí fóònù ni, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lójúmọ́. Mo ń gbọ́ ọ. "Ṣé o ti jẹ ẹ́? Búra. Fi mí búra. Fún Tsona ní fóònù." Bẹ́ẹ̀ ni Tsona ṣe wá mọ gbogbo ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó kígbe sórí fóònù pé, "Ẹ wá fi oògùn bọ́ aya ọmọ mi!" Gergina ní, "Àna, ẹ bú mi. Ẹ bú mi dáadáa. Tó bá jẹ́ túṣíà ni, n ó máa gba èébú yín títí n ó fi kú, n ó sì máa dúpẹ́." Tsona ò rí ẹsẹ̀ tẹ̀ sí, ó gbé fóònù kalẹ̀.

Ọjọ́ náà pé. Oṣù kejìlá ti wọlé, yìnyín ti ń já. A tún jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Velika gba ti Kuncho ṣáájú, ó ní kí òun fi tirẹ̀ ṣe ìṣíde. Ìlà rẹ̀ gòkè. Ó gba ti Gergina, ìlà rẹ̀ gòkè. Gergina ò wo tirẹ̀ pàápàá. Ó ń wo ìgò kékeré tó kù lórí tábìlì, ti Ralitsa, tí Velika ń gbé rọra bí ẹyin.

Velika kán oògùn sí i.

Nǹkan kan ò kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Mo gbọ́ tí Gergina ń kà, ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ó dé mẹ́sàn-án. Ìlà náà mì díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbéra, ó ń lọ, ó ń lọ, kò dúró, ó lọ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè gíláàsì.

"Wọ́n jí," Velika ní. "Ẹ wò wọ́n, ìyá. Wọ́n jí, wọ́n ń pariwo."

Gergina ò pariwo. Ó di apá Velika mú, ó fi iwájú orí lé e léjìká, nítorí ibẹ̀ ni gíga rẹ̀ mọ, ó dúró bẹ́ẹ̀. Kuncho yí ojú sí ògiri, ó ń fun imú bí ẹni fun fèrè. Dókítà Bonev kọ ìwé mìíràn, ó ya ti Sofia. Ó ní kò sí àìsàn ẹ̀jẹ̀ àbímọ́ni kankan níbẹ̀. Ó ní kí Ralitsa lọ bí ọmọ rẹ̀ sí tòsí bí gbogbo ènìyàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ Ẹtì, ó rọbí. Gergina, Tsona àti èmi la wà níta ilẹ̀kùn. Àwọn àna méjèèjì ò tíì bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n fi àga kan sáàárín. Gergina ní ìlà dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlà ni, ẹ̀rọ ni, ta ló ti rí ẹ̀rọ tó bímọ rí? Títí tí igbe ọmọ fi ta, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ilẹ̀kùn. Igbe ọmọ ta, Tsona fò dìde, ó ń ṣe "Ọlọ́run ṣeun, Ọlọ́run ṣeun." Gergina ò dìde. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dúró dè, kì í ṣe igbe.

Agbẹ̀bí jáde, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó ní, "Obìnrin ni. Àwọn méjèèjì wà dáadáa."

"Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?" Gergina béèrè.

"Ẹ̀jẹ̀ wo?"

"Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi. Ṣé ó ti dá?"

"Ìyá, ó ti dá tipẹ́. Díẹ̀ ló wá, kò tó ti àwọn ẹlòmíràn. Ó ní ebi ń pa òun."

Tsona gbé àga àárín yẹn kúrò. Ó jókòó ti Gergina, ó fi síkáàfù ara rẹ̀ nu ojú fún un, ó ń bú u bó ṣe ń nù ún, pé ó ti kó ọkàn òun sókè, pé obìnrin burúkú ni. Gergina ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé lọ wo ọmọ. Nígbà tí mo yíjú, Gergina ti sùn. Ó fi orí lé ejìká àna rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là, ó ń hanrun. Tsona fi ojú sọ fún mi pé kí n máa lọ, kí n má jí i.